“Vast majority”: ṣé èèyàn 127 nínú 240 tó bẹ́ẹ̀?

Àrẹ̀mú_Rípọ́ọ̀tù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló ń yọ mí lẹ́nu láti àná, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n dá sí i. Mo kọ rípọ́ọ̀tù kan níbi iṣẹ́, a pín fóòmù ìbéèrè fáwọn èèyàn, a kó èsì jọ, èmi ni wọ́n wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà gidi ò ṣeé gbé síta níbí torí ti ọ́fíìsì ni, torí náà ẹ jẹ́ ká kàn ní èèyàn 240 la bi, 127 ní ìwé tá a fún àwọn kà wúlò, 113 ní kò wúlò. Gbólóhùn tí mo kọ rèé:

“Vast majority of the respondents agrees that majority of the information was useful.”

Ọ̀gá mi fi bírò pupa fọwọ́ kàn án níbi mẹ́rin. Ó yí “vast” po, ó fa igi sábẹ́ “agrees”, ó fa òmíràn sábẹ́ “majority of the information”, ó tún fi àmì kékeré kan síwájú “Vast” bíi pé nǹkan kan já bọ́ níbẹ̀. Kò ṣàlàyé ọ̀kankan, “check” nìkan ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Mo ti ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà ogún, létí tèmi ó dùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ “vast majority”, mo gbà pé “èyí tó pọ̀ jù” náà ni. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Àbẹ̀kẹ́_Atúmọ̀:
Bọ̀ọ̀dá Àrẹ̀mú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n mú “vast” torí òun ló wúwo jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Majority” lásán, ohun tó ń sọ ni pé ó ju ìdajì lọ. Nínú 240, ìdajì jẹ́ 120, tó bá ti di 121 pẹ́nrẹ́n, majority ti dé nìyẹn. 127 yín majority ni, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn lórí ẹ̀.

Àmọ́ “vast” yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún aṣálẹ̀ ni, fún òkun, fún ohun tójú ò lè rí ìpẹ̀kun ẹ̀. Tí mo bá ti rí “vast majority” nínú ìwé, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn tó kù ò tó nǹkan, pé téèyàn bá wá wọn, á wá wọn tì kó tó rí ẹnì kan. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yín láìrí nọ́ńbà kankan máa rò pé gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé èèyàn 113 ló sọ pé rárá. Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn o, torí àwọn 113 yẹn náà jókòó, wọ́n kọ nǹkan sínú fóòmù yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fẹ́ gbé wọn sọ nù.

Kò síbi tí wọ́n fàlà sí pé ibí ni “vast” ti bẹ̀rẹ̀. Èmi o, tí ò bá tíì tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ọwọ́ mi kì í yá sí i.

Kọ́lá_Ṣókí:
“Just over half.” Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ fi 127 yẹn sí i.

Tíṣà_Gírámà:
Ọmọ mi Àrẹ̀mú, o káre tó o béèrè. Ó pọ̀ lára wa tí wọ́n ti fi bírò pupa kàn án bẹ́ẹ̀ tí a sì ká ìwé yẹn pa mọ́ láìmọ ohun tá a ṣe.

Àmì tó wà níwájú “Vast”, “the” tàbí “a” ló ń bi ẹ́ pé ibo ló wà. Èdè wa ò ní nǹkan bẹ́ẹ̀, a máa ń sọ pé “púpọ̀ nínú wọn” láì fi nǹkan kan ṣíwájú ẹ̀, òun la ṣe máa ń kọ “Majority of the people” ní ìhòòhò. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á bẹ́ẹ̀. “The majority of the people” ni, tàbí “a majority of the people”. Méjèèjì ò rí bákan náà tán o. Tó o bá ní “a majority”, ṣe lò ń ròyìn ohun tó o kà, pé nígbà tá a kà á ó ju ìdajì lọ. Tó o bá ní “the majority”, ó dà bíi pé o ti gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí agbo kan téèyàn ti mọ̀, àwọn tó pọ̀ yẹn. Fún èsì ìwádìí, “a majority” ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tó bá jẹ́ pé o fi “vast” sí i, “the vast majority” lo máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó ku “agrees”. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà: ẹnì kan gbà, igba èèyàn gbà, “gbà” náà ni. Tiwọn máa ń yí, ó wá di pé kéèyàn máa wá ẹni tí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ń tẹ̀ lé. Tí “of” bá wà lẹ́yìn “majority”, ohun tó tẹ̀ lé “of” ni kó o wò. “Respondents” ju ẹnì kan lọ, torí náà “the majority of the respondents agree”, kò sí “s” níbẹ̀. Tí “majority” bá dá dúró tí wọ́n ń wò ó bí ẹgbẹ́ kan tó panu pọ̀, ó lè jẹ́ ẹyọ kan: “the majority has spoken”. Tó bá tún wá jẹ́ iye tí wọ́n fi borí ní ìbò ni, ẹyọ kan ni nígbà gbogbo: “a majority of 80 is enough”. Má ṣe kọ “are” síbẹ̀ torí pé o rí 80.

Ṣadé_Ìbéèrè:
Ẹ ṣé sà. Ẹ dákun, ibi 80 yẹn ni kò yé mi. Majority kì í ṣe ohun tó ju ìdajì lọ mọ́ ni? Mo rántí pé nígbà ìbò wọn ní Bìrìtéènì ní 2019, wọ́n ń sọ ọ́ lórí ìròyìn pé ẹgbẹ́ Conservative ní “a majority of 80”, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìjókòó 365 ni wọ́n ní nínú 650. Ìdajì 650 jẹ́ 325. 365 yọ 325 kúrò, 40 ló kù. Níbo ni 80 ti wá?

Tíṣà_Gírámà:
Ìbéèrè tó dáa gan-an. Ìṣirò ẹ pé, ìlò ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn-ún ló yàtọ̀. Mú 365 kúrò nínú 650, 285 ló kù, ìyẹn gbogbo àwọn ẹgbẹ́ yòókù pa pọ̀. Wá mú 285 kúrò nínú 365, 80 ló jáde. Àlàfo tó wà láàárín àwọn tó borí àti gbogbo àwọn tó kù ni wọ́n ń pè ní majority níbẹ̀. Lágbègbè ìdìbò kan ṣoṣo, wọ́n á tún lò ó lọ́nà mìíràn, iye ìbò tí ẹni tó wọlé fi ju ẹni tó ṣe ipò kejì lọ ni majority ẹ̀. Torí náà ní Bìrìtéènì ẹnì kan lè wọlé láì ní ìdajì ìbò kí wọ́n sì ṣì sọ pé ó ní majority ti 500. Ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn ìbò wọn sí Yorùbá tí ò mọ èyí, ó máa kọ ohun tí ò ṣẹlẹ̀.

Ṣadé_Ìbéèrè:
Háà! Ó ti yé mi wàyí. Ẹ ṣé gan-an sà.

Délé_Ìtàn:
Ẹ jẹ́ kí n bá Tíṣà fi nǹkan kan kún un, torí ó kan ohun tí bọ̀ọ̀dá Àrẹ̀mú sọ pé “majority” àti “èyí tó pọ̀ jù” ọ̀kan náà ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìdààmú yìí ti wá.

Ẹ wo ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1824. Èèyàn mẹ́rin ló pín ìbò “electoral” mọ́wọ́, ìyẹn ìbò táwọn aṣojú ìpínlẹ̀ ń dì: Andrew Jackson ní 99, John Quincy Adams ní 84, William Crawford ní 41, Henry Clay ní 37. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 261, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní 131. Tẹ́ ẹ bá bi Yorùbá pé ta ló ní ìbò tó pọ̀ jù, á ní Jackson, òótọ́ ló sì sọ. Àmọ́ majority dà? Kò sẹ́ni tó ní in. Òfin wọn wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ilé Aṣojú, ìgbà tó sì di 1825 Adams ni wọ́n mú, ẹni tó ṣe ipò kejì.

Ohun tí Jackson ní yẹn, “plurality” làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Bìrìtéènì náà rí irú ẹ̀ ní 2010, Conservative ní ìjókòó 306, kò sí ẹgbẹ́ tó jù wọ́n lọ, síbẹ̀ wọn ò dé 326, wọ́n ní láti lọ bá Liberal Democrats da ọwọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè ṣèjọba.

Ẹ rí i, “pọ̀ jù” tiwa, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló fi ń wé ara ẹ̀. Majority, ìdajì ló fi ń wé ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan méjì péré ló wà, wọ́n á bára wọn mu, òun ló ṣe jẹ́ pé a kì í fura. Tó bá ti di mẹ́ta, ó ti yàtọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Atúmọ̀:
Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ ti sọ ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ọdún mélòó kan tí mi ò rí ọ̀rọ̀ fi gbé e jáde! Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe, ojoojúmọ́ ni mo ń bá a pàdé. Mo ti bá a pàdé rí nínú ìwé kan tí mo ń tún ṣe, mẹ́ta ni ìdáhùn, ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 46, èkejì 30, ẹ̀kẹta 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Yorùbá tí wọ́n kọ ni “àwọn tó pọ̀ jù fara mọ́ ọn”, ó tọ́. Ẹlòmíràn wá dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ “the majority supported it”. Ó ti bà jẹ́ níbẹ̀ yẹn, torí 54 nínú wọn ni ò fara mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ọ̀rọ̀ ló yí nǹkan padà lójú ọ̀nà.

Látìgbà yẹn tí mo bá rí “majority” tí mo fẹ́ kó dá lójú, “ó ju ìdajì wọn lọ” ni mo máa ń kọ. Ó gùn díẹ̀, ó sì dá mi lójú. “The vast majority” ní tiẹ̀, “gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán” tàbí “àfi díẹ̀ nínú wọn” ni mo ń lò, ó sinmi lórí bí gbólóhùn yẹn ṣe ń lọ.

Fẹ́mi_Kọ̀wé:
Èmi ò tiẹ̀ rí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi nílò “the vast majority of”. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin! “Most” wà ńlẹ̀, ọ̀kan péré, kò ní wàhálà “the”, kò ní wàhálà “vast”. “Most respondents agreed.” Gbogbo ìgbà tí mo bá ń tún iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ ni mo máa ń pa á rẹ́ tí màá fi “most” sí i, kò sì sẹ́ni tó ti wá bá mi jà pé mo ba nǹkan jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Atúmọ̀:
Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, mo gbà fún yín lápá kan. Níbi tí “vast” ò bá ti ṣe iṣẹ́ kankan, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, “most” gba 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tún gba 97. Tó bá jẹ́ ìwé oògùn ni mò ń kà, tí wọ́n kọ ọ́ pé “most patients” ò ní ìṣòro pẹ̀lú ẹ̀, ọkàn mi ò ní balẹ̀ tó bó ṣe máa balẹ̀ tí wọ́n bá kọ “the vast majority of patients”. Ìyàtọ̀ yẹn lè mú kẹ́nì kan lo oògùn tàbí kó má lò ó. Tí ẹ bá pa “vast” rẹ́ níbẹ̀ yẹn ẹ ti mú ìròyìn kúrò nínú gbólóhùn.

Fẹ́mi_Kọ̀wé:
Hmm. Ti ìwé oògùn yẹn, mo gbà. Mi ò rò ó débẹ̀. “Almost all” náà lè ṣe é ṣá, àmọ́ mo gbà pé “most” nìkan ò tó.

Tíṣà_Gírámà:
Fẹ́mi, kẹ́ ẹ ṣọ́ “most” náà, ó ní ọ̀fìn tiẹ̀. “Most respondents” dáa. “Most of the respondents” dáa. “Most of respondents” ò dáa rárá, mo sì ń rí i lójoojúmọ́. Tí “of” bá ti wọlé, “the” gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, tàbí “these”, tàbí “our”, nǹkan kan ṣá.

Bísí_Aláyẹ̀wò:
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ìkẹrin o, “majority of the information”. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, kí n máa yẹ ìwé wò kó tó lọ sí ìtẹ̀wé, nǹkan yìí ni mo sì ń tún ṣe ju ohunkóhun lọ.

“Majority” fẹ́ nǹkan tó ṣeé kà ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Èèyàn, ìwé, ilé, ìbò. “Information” kò ṣeé kà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò lè sọ pé “three informations”. Omi náà rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́, owó, àkókò, ìbàjẹ́ tí iná ṣe. Fún gbogbo irú èyí, “most of” ló yẹ: “most of the information”, “most of the water”, “most of the time”. Àwọn tó ń sọ “the majority of the time” pọ̀, títí kan àwọn tí wọ́n bí sínú èdè yẹn, lẹ́nu kò ṣe nǹkan, àmọ́ nínú ìwé tó ń lọ síwájú ọ̀gá màá yí i padà. Odindi nǹkan kan ṣoṣo náà bẹ́ẹ̀: “I read most of the book”, kì í ṣe “the majority of the book”. Ìwé kan ni, ta ló ń díbò nínú ẹ̀?

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú ni ọ̀rọ̀ bíi “population” tàbí “committee”. Ó jọ ẹyọ kan, àmọ́ èèyàn ló kún inú ẹ̀, wọ́n ṣeé kà, torí náà “the majority of the population” ò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí mo yí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ padà láìdí, ọ̀gá mi ìgbà yẹn pè mí jókòó, ó ní kí n fojú inú wo ọ̀rọ̀ náà bí àpò, kí n ṣí i, kí n wo ohun tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà, kà á. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, “most of”. Títí dòní mo ṣì ń ṣí àpò yẹn.

Ṣadé_Ìbéèrè:
Àǹtí Bísí, àpò yẹn ti di tèmi náà! Mo tún fẹ́ bi yín, “the greater majority” ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ ọ gan-an.

Bísí_Aláyẹ̀wò:
Má lò ó, àbúrò. “Majority” tinú Látìn wá, “maior” ni gbòǹgbò ẹ̀, ìyẹn “èyí tó tóbi jù”. “Jù” ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, “greater” tún jẹ́ “jù”. “The great majority” dáa, “the large majority” náà wà. “Greater” dìgbà tó o bá ń fi majority méjì wéra, bí àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ kan fi 12 borí lọ́dún kan, ó wá fi 80 borí lọ́dún mìíràn, ti ọdún kejì ni “the greater majority”.

Kọ́lá_Ṣókí:
Àwọn 113 yẹn ńkọ́, “small minority” ni ká pè wọ́n?

Bísí_Aláyẹ̀wò:
Áà, rárá o! “Minority” ni wọ́n, torí wọn ò tó ìdajì, àmọ́ wọn ò kéré. “A large minority” tàbí “a substantial minority”. Ó máa ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ta kora, kò sì ta kora. Mo fẹ́ràn kí bọ̀ọ̀dá Àrẹ̀mú kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an.

Délé_Ìtàn:
Ẹ jẹ́ n sọ eléyìí kí n tó lọ, torí mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tẹ́ ẹ bá rí “he has joined the majority”, kì í ṣe ìbò ló dì, ó ti kú ni. Àwọn òkú ni majority yẹn, torí wọ́n pọ̀ ju alààyè lọ. Àwọn ará Róòmù ló ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, “abiit ad plures”, ó ti lọ bá àwọn tó pọ̀ jù. “The silent majority” náà, òkú ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí, ká tó wá rí ààrẹ Nixon tó lò ó ní 3 November 1969 nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí ogun Vietnam, pé àwọn tí ò pariwo ló pọ̀ jù tí wọ́n sì wà lẹ́yìn òun. Òun ló jẹ́ kó gbajúmọ̀ nídìí òṣèlú, ibẹ̀ ló sì wà títí di báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ti “joined the majority” yẹn, “ó ti re ibi àgbà ń rè” ló sọ sí mi lọ́kàn.

Àrẹ̀mú_Rípọ́ọ̀tù:
Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti kà á látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yín nípa àwọn 113 yẹn ló wọ̀ mí lára jù, mo tún padà lọ ka ohun tí wọ́n kọ sínú fóòmù wọn lálẹ́ àná, ó sì ní ìdí tí wọ́n fi sọ pé kò wúlò, púpọ̀ nínú wọn ní lẹ́tà inú ìwé yẹn ti kéré jù. Mi ò bá má tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ rárá. Gbólóhùn tuntun rèé, ẹ bá mi wò ó:

“Just over half of the respondents, 127 out of 240, agree that most of the information was useful. A large minority, 113, did not. Many of them found the print too small.”

Tíṣà_Gírámà:
O káre, ọmọ mi. Ìkan ló kù: o ní “was”, o ní “did not”, o ní “found”, torí náà jẹ́ kí “agree” náà di “agreed”, kí gbogbo wọn wà nígbà kan náà.

Àrẹ̀mú_Rípọ́ọ̀tù:
Ẹ ṣé sà. Mo ti yí i padà sí “agreed”. Mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá báyìí.